Ta Ló Ní Torí Ìwé Ẹ̀rí Ni?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn pé kí ló dé tí ìyá ẹni ọdún 57 fi ń gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká lọ sí yunifásítì láàárọ̀ Sátidé. Kò ní í ronú kó tó fèsì: "Torí ìwé ẹ̀rí ni." Bí ìyá náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní ìgbéga ló ń wá. Bó bá jẹ́ ọlọ́jà, wọ́n á ní ó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, tàbí ó fẹ́ kí wọ́n máa ka òun mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nínú ìjọ. Bó bá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára débi pé olùkọ́ yunifásítì gbà á, aṣòfin gbà á, ọkọ àti ọmọ gbà á, àwọn àgbà tó ń kàwé gan-an a sì máa fi dáni lóhùn nígbà tí wọn kò bá fẹ́ ìjiyàn. Mo ní irọ́ ni. Bí kò bá sì jẹ́ irọ́ pátápátá, a jẹ́ pé wọ́n mú ìdá kékeré nínú òótọ́, wọ́n sọ ọ́ di odindi, ìyẹn sì ṣòroó já ju irọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lópin ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ọlọ́jà wà níbẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, awakọ̀, pásítọ̀, àti ìyàwó ilé tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Ohun tí mo fojú ara mi rí láàárín wọn kò bá ohun tí ìlú ń sọ mu rárá.

Ní Sátidé kan, a dé orí ọ̀rọ̀ iye owó àti bí àwọn ènìyàn ṣe ń rajà. Mo ṣàlàyé pé ọjà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ díẹ̀ lórí owó rẹ̀, oníbàárà á rọ́ wá. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ ò báà yọ púpọ̀, iye ẹni tó máa rà á kò ní í yàtọ̀. Mo kọ elasticity sójú pátákó. Ìyá kan wà ní ìjókòó kejì lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ló ń tà ní ọjà Gbági. Ó nawọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ àǹkárá àti léèsì lẹ ń sọ yẹn."

"Ẹ là á yé wa, Màmá."

"Bí mo bá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí àǹkárá, kílẹ̀ tó ṣú, ó ti tán. Ṣùgbọ́n léèsì olówó ńlá, mo lè yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹni tó fẹ́ ra léèsì ò torí ìyẹn wá. Òmíràn tilẹ̀ máa rò pé ayédèrú ni, á bẹ́sẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ pátákó. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ nǹkan yìí," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ."

Ó wá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó fa ilà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìwé yẹn dáadáa. Iwájú rẹ̀ ni ohun tí mo bá kọ́ wọn máa ń wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ.

Èwo ni ti ìwé ẹ̀rí nínú èyí? Kò sí ìdánwò lọ́jọ́ náà, n kò sì ṣèlérí máàkì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan rí orúkọ ohun tó ti ń bá a gbé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀, ó sì há a sórí. Ọmọ yẹn ń kọ́ orúkọ ohun tí kò tíì rí. Àgbà ti rí ohun náà, ó ti gbé e, ó ti pàdánù nídìí rẹ̀, ó ti jèrè nídìí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló kù tó ń wá kiri. Mo gbà pé ìwákiri yìí ló ń mú àgbà jókòó nílé ìwé gíga ju ohunkóhun mìíràn lọ, ohun tó sì bí mi nínú ni pé a kì í fi í kún ọ̀rọ̀ bí a bá ń ṣírò.

Mi ò sọ pé ìwé ẹ̀rí kò wúlò. Ẹni tó mọ Nàìjíríà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ìpele 7 ni ẹni tó ní HND ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 8, wọn kì í sì í jẹ́ kí oní-HND kọjá ìpele 14. Ìjọba ti sọ NCE di ìwé tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ Grade II fi wọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ National Teachers' Institute, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1976, tí àwọn mìíràn sì ń fi ìsinmi gígùn ka ìwé sandwich. Àwọn wọ̀nyẹn wá torí ìwé ẹ̀rí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ni dé ẹnu ọ̀nà lọ́tọ̀, ohun tó mú ni jókòó nínú ilé lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ pé ẹwà ló fà wọ́n dé ilé àna. Kì í ṣe ẹwà ló mú wọn bá ìyàwó gbé fún ogójì ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn tó ń pariwo ìwé ẹ̀rí yìí fẹ́ràn ìṣírò. Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìn tì bó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé níbẹ̀. Akọ̀wé kan ní sẹkitéríàtì wọ yunifásítì ní ẹni ọdún 53. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni ọdún 58 ni yóò jẹ́ nígbà tó bá parí, ìyẹn bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró. Kí ìwé rẹ̀ tó rìn láti tábìlì kan dé òmíràn, kí wọ́n tó yí ipò rẹ̀ padà, ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Owó tí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀ kò lè dá owó ilé ìwé padà, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ tó fi kàwé lóru. Bó bá jẹ́ èrè ló ń wá, àgbà mọ ibi tí èrè wà: ì bá ti kówó náà sórí ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà tàbí kó fi sin adìẹ. Ọlọ́jà Gbági ńkọ́? Ìpele wo ni ìjọba fi í sí? Ẹni tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ta ni yóò gbé e ga?

Wọ́n á ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Òwe àgbà ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í bá mi jiyàn kò wo kíláàsì wa dáadáa. Mo ní nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà láàárín ẹ̀kọ́ kan sí ìkejì nítorí pé ibi tí owó rẹ̀ dé nìyẹn. Ebi wọnú obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn sì wọ̀ ọ́. Ẹ tún wo ọgbà ẹ̀wọ̀n. National Open University ti ṣí àyè ẹ̀kọ́ sínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, Kirikiri wà lára wọn, wọn kì í sì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣí ìwé níbẹ̀ pé ìgbéga wo ni wọ́n ń retí.

Ọ̀rọ̀ Open University yìí gan-an, ó yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti tì í pa. Ọdún 2002 ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tún un ṣí. Ọdún 18 ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì, àwọn tó ti ń múra láti kàwé nílé wọn di ìyá àgbà àti bàbá àgbà níbi tí wọ́n ti ń retí. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣí, ó tún gba ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn tó ka ìmọ̀ òfin níbẹ̀ kò fi lè wọ Law School. Òpin ọdún 2017 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe òfin ilé ìwé náà, Buhari kan náà tó jẹ́ olórí ìjọba tó tì í pa ní 1984. Ní gbogbo àkókò tí ọ̀nà fi dí yẹn, inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kàwé lọ.

Ọbásanjọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn náà tún gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kórìíra rẹ̀, ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ mi. Ọ̀gágun ni. Ó ti ṣe olórí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nínú aṣọ ológun, ẹ̀ẹ̀kan nínú agbádá. Àwọn yunifásítì ti fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n máa pè é ní Dókítà ló ń fẹ́, kò nílò láti ṣí ìwé kankan. Síbẹ̀ ó fi orúkọ sílẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, ó kọ ìwé àpilẹ̀kọ lórí ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, ó jókòó níwájú àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó sì gba PhD lọ́dún 2018, nígbà tó ti tó ẹni 80 ọdún. Kí ni ìwé ẹ̀rí yẹn lè rà fún un tí kò tíì ní?

Àwọn kan á ní olówó ni, olówó lè ṣe ohun tó wù ú. Kò burú. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó. Ọdún 1948 ni University College Ibadan bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1949, wọ́n ti dá ẹ̀ka Extra-Mural Studies sílẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì jáde lọ bá àwọn ènìyàn nínú ìlú. Ọmọ Gánà kan, Robert Gardiner, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn tí akọ̀wé bá ti ọ́fíìsì dé, tí olùkọ́ bá ti tú ọmọ ilé ìwé ká. Ètò ìṣèlú, ọrọ̀ ajé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ ń jíròrò. Ìwé ẹ̀rí kankan kò sí lópin rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí kíláàsì múra àwọn sílẹ̀ fún GCE, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ta kò mí yóò di èyí mú. Kí wọ́n dì í mú. Ìlú tó ń wo ìwé ẹ̀rí kó tó bu oúnjẹ fúnni ló kọ́ wọn ní ìyẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde nílé nírọ̀lẹ́, Nàìjíríà ń bọ̀ wá gba òmìnira, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ìjọba jẹ́ kó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti tó ẹni ọdún 35, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ojú rẹ̀ ti rí màbo nídìí òwò, kó tó gba oyè Bachelor of Commerce ti Yunifásítì London lọ́dún 1944, láìtíì fẹsẹ̀ tẹ London. Afẹ́ Babalọlá kò jókòó ní ilé ìwé girama. Ó dá kàwé títí ó fi gba oyè London nínú ọrọ̀ ajé, lẹ́yìn náà nínú òfin, ó sì wá dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì lọ́dún 2009. "Ẹ ò rí ibi tí ìwé gbé wọn dé!" Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Ṣùgbọ́n lóru tí wọ́n ń kàwé, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ibẹ̀ fún wọn. Àwọn mìíràn pọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ nínú lẹ́tà láti Wolsey Hall àti Rapid Results College nígbà náà, tí ìwé ìròyìn kankan kò gbọ́ orúkọ wọn títí wọ́n fi kú. Àwọn náà kàwé.

Ará Amẹ́ríkà kan, Cyril Houle, gbé ìwé jáde lọ́dún 1961 lẹ́yìn tó ti fọ̀rọ̀ wá àgbà 22 lẹ́nu wò, àwọn tí kò jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́. Oríṣi mẹ́ta ló rí: ẹni tó ní ohun pàtó tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ṣe, ẹni tó jẹ́ pé àárín ènìyàn ló ń wá, àti ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́. Àwọn tiwa ka èkíní, wọ́n pa ìwé dé. Èmi á tilẹ̀ fi tèmi kún ti Houle. Ní kíláàsì mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé inú ẹnì kan ṣoṣo. Lọ́dún kìíní, ti èkíní ló máa ń ròkè. Tó bá fi máa di ọdún kẹta, ẹ̀kẹta ti gba ilé. Ẹni tó bá gbé èkíní nìkan wá, tí kò rí ìkejì àti ẹ̀kẹta bá kẹ́gbẹ́, òun gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń wá tì ní ìjókòó rẹ̀.

Kí ló tún kù láti fi hàn pé ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè mú àgbà dúró? Sátidé ni. Ilẹ̀ Yorùbá kì í fi Sátidé ṣeré. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni, ọjọ́ òkú àgbà ni, ọjọ́ ìwúyè ni. Ẹni tó bá sọ Sátidé rẹ̀ di ọjọ́ ìwé fún ọdún márùn-ún ti fi ìnáwó tó lé ní igba du ara rẹ̀. Ìyá Gbági sọ fún mi pé ẹgbẹ́ òun ní ọjà ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òun títí ó fi sú wọn. Aṣọ ẹbí tí òun fọwọ́ ara òun gé fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wọ̀ lọ síbi ìnáwó tí òun kò lè dé. "Bí tèmi bá dé, Sà, ta ni yóò bá mi dúró?" Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹni tó mọ Yorùbá mọ̀ pé gbèsè yìí wúwo ju owó ilé ìwé lọ, pé kò sì sí dìgírì tó lè san án.

Ìgbà tí wọ́n yọ Ìyá Gbági kúrò nílé ìwé nígbà èwe rẹ̀, fọ́ọ̀mù tírì ló wà. Owó kò tó fún méjì, wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá nítorí rẹ̀ mọ́. Àbúrò yẹn ló ń san apá kan owó ilé ìwé rẹ̀ báyìí.

Bó bá sì jẹ́ ìwé nìkan ló fẹ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú wà. Lópin ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi han gbogbo ayé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun fi gba dìgírì láti Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn dá ìgbéyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Kútọnu kò jìnnà sí ọlọ́jà aṣọ. Ìyá yìí mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ju èmi lọ. Ó yan ọdún márùn-ún.

Ohun tó jẹ́ kí n fi gbogbo ara jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé èrò náà ń ṣe àwọn àgbà ní jàǹbá, èmi náà sì ti bá wọn ṣe é. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo rò pé àánú ni mo ń ṣe wọ́n. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ka AOC sí wọn létí, ibi márùn-ún tí ìbéèrè yóò ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Dádì.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n orí keje tí ẹ fò yẹn, òun ni mo torí ẹ̀ wá."

Orí keje ni ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe. Lẹ́yìn kíláàsì, ó dúró tì mí níbi tí mo ti ń nu pátákó. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ń mú ọ̀dọ́langba, àdúgbò bíi mẹ́ta kan náà ni òun sì ti ń mú wọn. Òun mú bàbá, òun tún wá mú ọmọ. Àwọn ọ̀gá òun ní ọmọkọ́mọ ni wọ́n, òun náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun sùn. Ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn àdúgbò yẹn kó tó di pé wọ́n pe òun wá. Mo dúró, mo mú dọ́sítà lọ́wọ́, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi ni mo ti pinnu pé máàkì ni ọkùnrin yìí wá gbà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kọ́ wọn ní orí keje, òun ló sì sọ̀rọ̀ jù.

Èyí ni mo pè ní jàǹbá. Olùkọ́ tó gbà pé ìwé ẹ̀rí ni àgbà ń rà yóò tà á fún un bí ọjà: yóò ka handout sí i létí, yóò fo ibi tó le, yóò sì yára lọ sílé. Àwọn tó ń darí ilé ìwé yóò ti ilé ìkàwé ní ọ̀sán Sátidé, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó wá fún ìwé ẹ̀rí kò nílò rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì yóò kọ̀ láti fún un láyè ọ̀sẹ̀ ìdánwò, yóò ní, "Kí ni tìẹ náà? O ti ń lọ sílé." Ọkọ yóò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ọmọ tó bí nínú yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sinmi. Gbogbo wọn ń fi ìfẹ́ sọ ọ́, gbogbo wọn sì ń sọ fún àgbà pé ọpọlọ rẹ̀ kò wúlò mọ́ àfi bó bá lè di owó. Bí àgbà bá wá kúrò nílé ìwé lẹ́yìn èyí, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ó rí i pé kò lérè." Mo ti tọ ipasẹ̀ àwọn tó kúrò ní kíláàsì mi. Owó ilé ìwé tó gun òkè lé àwọn kan. Ojú tí kò ríran mọ́ lálẹ́ lé ẹlòmíràn. Ọkọ tó ní kó yan ọ̀kan lé ẹnì kan, ó sì sunkún ní ọ́fíìsì mi. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ fún mi pé òun kò fẹ́ mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àgbà, ẹ má fo orí keje. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí ní Sátidé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn. Ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín ń lọ sí kíláàsì, bó bá wọlé lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ má bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Ẹ gbé omi fún un, kí ẹ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" Kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ.